Àyè Eyín Wúrà

Láàárọ̀ ọjọ́ tí Kamilah gbéra lọ wá ọkọ rẹ̀, gbogbo agboolé ló yí ọkọ̀ ká tí wọ́n ń ṣàdúà fún un pé kí Ọlọ́hun jẹ́ kó rí i. Ó ń ṣe àmín. Ẹnu rẹ̀ ń ṣe àmín, àmọ́ ọkàn rẹ̀ ń bẹ Ọlọ́hun kan náà pé kó má rí i.

Kí ẹnikẹ́ni tó bú u, kó kọ́kọ́ gbọ́ tirẹ̀ ná. Sàlíhù ọkọ rẹ̀ ti lọ wa wúrà láti ìgbà tí Qudrah ọmọ wọn ò tíì mọ̀ ọ́n rìn. Qudrah ti wá ń lọ sílé ìwé báyìí, ó ti ń ka kéwú, ó sì ti ń bá ọmọ ọlọ́mọ jà. Níbẹ̀rẹ̀, Sàlíhù máa ń pe fóònù. Nígbà tó yá, tí wọ́n bá pè é, ẹlòmíì ló ń gbé e. Nígbà tó tún yá, obìnrin inú ẹ̀rọ nìkan ló ń dá wọn lóhùn. Kamilah kì í ṣe opó, kì í ṣe dálémosú, bẹ́ẹ̀ ni kò lè nawọ́ sí ọkùnrin kan pé ọkọ òun nìyí. Obìnrin tó bá wà nírú ipò bẹ́ẹ̀, kódà ó ṣòro fún un láti mọ irú aṣọ tí yóò wọ̀ lọ sí ibi ìnáwó.

Gàní tó ń ta fìlà l'Ọ́jà-Ọba ní Ìlọrin fẹ́ fẹ́ ẹ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀. Ó rán àwọn àgbà sí àwọn òbí rẹ̀, àwọn òbí sì gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ alùkáálì. Alùkáálì ní obìnrin tí ọkọ rẹ̀ sọnù ní òfin tirẹ̀ nínú ẹ̀sìn. Kí wọ́n kọ́kọ́ wá ọkùnrin náà dé ibi tí wọ́n ti gbúròó rẹ̀ gbẹ̀yìn, kí ọmọ ìyá rẹ̀ tẹ̀lé wọn lọ, kó sì padà wá jẹ́rìí pé àwọn wá a, àwọn ò rí i. Ìgbà náà lòun á tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àsìkò fún Kamilah, tí àsìkò ọ̀hún bá sì ti pé, ó lè fẹ́ ẹni tó wù ú.

"Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá bá a láàyè," ó ní, "aya rẹ̀ ṣì nìyí, àfi kó fi ẹnu ara rẹ̀ kọ̀ ọ́ lójú ẹlẹ́rìí. Tí kò bá kọ̀ ọ́, ẹ padà wá, ká jọ máa ṣẹjọ́. Ẹjọ́ ọ̀hún ò sì ní í yá o."

Ìdí nìyí tí obìnrin fi ń ṣe àmín àdúà tí kò fẹ́ kó gbà.

Abdulmateen, ẹ̀gbọ́n Sàlíhù, ló wa ọkọ̀. Oníṣòwò iṣu àti àgbàdo ni ní Ipata, ọkùnrin tó sanra, tó láàánú, tí kì í sì lè kọjá níbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ láìdúró. Kí wọ́n tó kúrò nílé, Ìyá, ìyá òun àti Sàlíhù, gbé ìdì kan lé Kamilah lọ́wọ́. Aṣọ ìborùn aláró ògbólógbòó kan ni ó fi dì í, ó sì ta á ní kókó mẹ́ta léra wọn. Ẹran Iléyá ni. Lọ́dọọdún tí wọ́n bá ti pa àgbò, Ìyá máa ń gé ìpín Sàlíhù sọ́tọ̀, á fi iyọ̀ rà á, á sì yan án títí á fi gbẹ.

"Tó o bá rí i, fún un," Ìyá wí. "Tó ò bá rí i, fi ṣe sàárà fún ẹni tébi ń pa. Má gbé e padà wálé fún mi."

Nígbà tó ń sọ̀rọ̀ yìí, ó fi etí gèlè bo ẹnu. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Ká má parọ́, láti ẹnu Ìyá ni gbogbo ọ̀ràn yìí ti bẹ̀rẹ̀. Sàlíhù ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé kéwú tí bàbá wọn fi sílẹ̀ ní Pàkátà. Lálẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, ó kéde láàárín agboolé pé òun ń lọ sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà lọ wa wúrà, òun á sì fi rán ìyá òun lọ sí Mẹ́kà. Ó yẹ kí wọ́n ní "Ọlọ́hun á ṣe é" kí kálukú lọ sùn. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn obìnrin ilé ti ń pe Ìyá ní Alhaja. Ìyá náà ń jẹ́ ẹ. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni eyín iwájú rẹ̀ kan tó ti ń mì tipẹ́ wá di ohun tí wọ́n yọ. Dókítà ní ṣé kí òun fi eyín àtọwọ́dá dí i. Ìyá ní rárá.

"Ẹ fi àyè rẹ̀ sílẹ̀," ó ní. "Wúrà ló ń bọ̀ níbẹ̀."

Ó ti rí àwọn tó ti Mẹ́kà dé, tí eyín wúrà ń kọ mànà lẹ́nu wọn bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín. Tirẹ̀ náà ń bọ̀. Sàlíhù lọ, wúrà ò dé, Mẹ́kà ò ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n orúkọ ò ṣeé gbà padà lẹ́nu àwọn èèyàn mọ́. Ẹni tó fẹ́ bọ̀wọ̀ fún un ń pè é ní Alhaja, ẹni tó fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́ ń pè é ní Alhaja. Ó ń dá gbogbo wọn lóhùn, á sì fi etí gèlè bo àyè eyín. Tí ẹ̀rín bá fẹ́ pa á, ọwọ́ rẹ̀ á ti dé ẹnu kí ẹ̀rín tó dé ibẹ̀.

Wọ́n gba Ajàṣẹ́, wọ́n gba Ọ̀fà, wọ́n gba Ìkìrun àti Òṣogbo kọjá. Abdulmateen ra èlùbọ́ ní ibì kan, ó ra epo ní ibòmíràn. Nígbà tí wọ́n fi máa wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti kún bùútù, òmíràn sì wà lẹ́sẹ̀ Kamilah. Ẹni tó bá rí wọn lójú ọ̀nà á rò pé ọjà ni wọ́n wá ná.

Ìlú àkọ́kọ́ tí wọ́n dúró sí jẹ́ ibi tí àwọn òyìnbó ti wa wúrà láyé àtijọ́. Ilé àwọn òyìnbó náà ṣì wà lórí òkè, òrùlé rẹ̀ ti jábọ́, ewúrẹ́ ló ń sùn nínú pálọ̀. Irin ńlá kan tó ti dípẹtà dá dúró láàárín koríko, kò sẹ́ni tó rántí iṣẹ́ tó ń ṣe. Bàbá àgbà kan jókòó síwájú ilé rẹ̀, ó ń gbáfẹ́. Ó sọ fún wọn pé bàbá òun wà lára àwọn tó ru ẹrù òyìnbó.

"Wọ́n kó góòlù lọ," ó ní, "wọ́n fi ihò sílẹ̀ fún wa. Àwọn ọmọ wa ló wá ń já sí ihò báyìí."

Wọ́n fi àwòrán Sàlíhù hàn án lórí fóònù. Bàbá náà wò ó, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà. Ó ní òun ò mọ̀ ọ́n.

Ìlú kejì ò ní ilé òyìnbó, ihò ló ní. Wọ́n ti dojú oko kòkó dé, omi odò ti pọ́n, àwọn ọkùnrin tó wọ inú rẹ̀ dé ìbàdí ń fọ yẹ̀pẹ̀ nínú abọ́, wọ́n ń yí i wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí obìnrin tó ń ku ìrẹsì. Abdulmateen ń béèrè Sàlíhù lọ́wọ́ ẹni tó bá rí. Ọkùnrin kan rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

"Bàbá, orúkọ tí ìyá sọ ọmọ kì í bá a dé ìdí ihò," ó wí. "Èmi tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí, Sìmẹ́ńtì ni mò ń jẹ́. Ẹni tó wà níwájú mi yìí ni Kò-sí-ńkan. Ìnagijẹ wo ni ti èèyàn yín?"

Wọn ò mọ ìnagijẹ kankan. Àwòrán náà ò sì ràn wọ́n lọ́wọ́, nítorí Sàlíhù inú àwòrán sanra, ó wọ fìlà, ó sì ní irùngbọ̀n. Kò sẹ́ni tó rí bẹ́ẹ̀ níbẹ̀.

Gbogbo "mi ò mọ̀ ọ́n" tí wọ́n ń gbọ́ ń tu Kamilah lára. Nígbà tí wọ́n máa fi kúrò ní ìlú kejì, ebi ti ń pa á, ó jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun méjì àti ẹ̀pà. Ojú àánú ni Abdulmateen fi ń wò ó.

"Ìyàwó, fọkàn balẹ̀," ó ní. "A ó rí i, lágbára Ọlọ́hun."

"Àmín, Bùọ̀dá," Kamilah wí, ó sì ju èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ síta.

Ó ku ibì kan ṣoṣo, Abà Eléépo, abúlé kékeré kan lẹ́yìn odò, níbi tí ẹni tó gbé fóònù Sàlíhù gbẹ̀yìn sọ pé ó ti lọ. Tí wọn ò bá ti bá a níbẹ̀, ó parí. Ọ̀nà náà ò dáa, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń fò sókè sódò. Àwọn àtíbàbà onítapólínì ni wọ́n bá, ilé amọ̀ díẹ̀, àti abẹ́ igi kan tí ọkùnrin kan ti ń wọn wúrà lórí òṣùwọ̀n kékeré. Mállàm Zubair ni wọ́n ń pe onítọ̀hún, òun ni wọ́n sì ní ó ń ṣe olórí níbẹ̀. Abdulmateen jókòó tì í, àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í kíra wọn. Ìrun Alàásárì ti tó, Kamilah gbé búta, ó lọ sẹ́yìn àwọn ilé lọ ṣe àlùwàlá.

Ó ti fọ ọwọ́ ọ̀tún, ó ń fọ tòsì, nígbà tó gbọ́ ohùn àwọn ọmọ tó ń ka Fátíhà. Ìyẹn ò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu, ibi tí mùsùlùmí bá wà ni Fátíhà wà. Ohun tó mú kí omi dà sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé bí wọ́n bá ti parí ááyà kan, wọ́n á fi oríkèé ìka gbá wàláà, pátákó tí wọ́n ń kọ kéwú sí, lẹ́ẹ̀kan, kó! Wọ́n á ka òmíràn, kó!

Ó yẹ ká sọ pé kò sí ilé kéwú tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ àfi ẹyọ kan. Bàbá Sàlíhù ló dá a sílẹ̀, ó ní gbígbá wàláà ni kì í jẹ́ kí ọmọ fi ìwàǹwára so ááyà méjì pọ̀. Gbogbo Pàkátà ló ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pe ilé kéwú náà ní kéwú káfíńtà. Kamilah ti gbé inú ilé yẹn, ariwo ọ̀hún ló ń jí i lójoojúmọ́. Kò lè ṣì í.

Ẹni tó bá wá ìwákúwàá á rí ìríkúrìí. Ó dúró pẹ̀lú búta lọ́wọ́. Abdulmateen jìnnà, etí rẹ̀ ò lè dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ iṣu ló sì ń bá Mállàm Zubair sọ lọ́wọ́ yẹn. Tí Kamilah bá parí àlùwàlá rẹ̀, tó kírun, tó wọ ọkọ̀, ó tán. Ó parí àlùwàlá náà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ dé ìparí Fátíhà, ọkùnrin kan sì gbà á mọ́ wọn lẹ́nu pé "Àmín!", Kamilah mọ ohùn yẹn bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀. Kò sí béèyàn ṣe lè mọ nǹkan kó tún padà di ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ó wọlé.

Sàlíhù jókòó sórí ẹní láàárín àwọn ọmọ mélòó kan. Ó ti gbẹ, irùngbọ̀n rẹ̀ ti lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan nà síwájú láìṣeé ká, ọ̀pá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó gbójú sókè.

"Kamilah," ó ní.

"Asalaamu alaekun, Bàbá Qudrah."

"Wa alaekumu salaam." Ó sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n lọ ṣeré, wọ́n sì tú jáde. "Ìwọ àti ta ni?"

"Èmi àti Bùọ̀dá Mateen. Ó wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń wọn wúrà."

"Ṣé ó mọ̀ pé mo wà níbí?"

"Kò tíì mọ̀."

Ó mí kanlẹ̀. Ó sọ fún un pé ihò ló wó lé òun lẹ́sẹ̀, òun ò lè wa ilẹ̀ mọ́, àwọn òbí àwọn ọmọ yìí ló ń fún òun lóúnjẹ. Alfa Máíkì ni wọ́n ń pe òun níbẹ̀, nítorí ohùn òkè òun. Lẹ́yìn náà ó béèrè Qudrah. Kamilah ní ó ti ń kàwé, ó sì ti ń jà. Sàlíhù fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín.

"Gbọ́," ó ní. "Ẹ délé, kí o sọ pé mo ti kú. Wọ́n á ṣe fídáù fún mi. Wàá ṣe opó, tó bá parí, wàá lọ fẹ́ ẹni tó bá wù ẹ́. Kò ní pa ẹnikẹ́ni lára."

"Nítorí kí ni?"

"Ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Wọ́n ti ń pe ìyá mi ní Alhaja kí n tó jáde nílé. Ojú wo ni kí n fi wọ Pàkátà? Ọ̀pá ni kí n gbé lé e lọ́wọ́?"

Ohun tí Kamilah ń bẹ Ọlọ́hun fún láti Ìlọrin ló wà níwájú rẹ̀ yìí, wọ́n gbé e fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ó rí ìsọ̀ Gàní lọ́kàn rẹ̀, gbogbo fìlà tí wọ́n gbé kọ́. Gbólóhùn kan péré ni. Ṣùgbọ́n inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí i, inú bí i gan-an. Ọkùnrin yìí fẹ́ kú, ó sì fẹ́ kí ẹlòmíì bá òun gbé òkú náà wálé. Òun Kamilah ni á dé iwájú Ìyá, tí á la ẹnu, tí á gbé e kalẹ̀. Tó bá sì wọlé Gàní, lórí irọ́ ni yóò sùn, ọkọ rẹ̀ á sì wà láàyè nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tó ń kọ́ ọmọ ní kéwú.

Ó ṣí báàgì, ó gbé ìdì náà jáde, ó gbé e sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì.

"Ìyá ló ní kí n mú un wá. Ẹran Iléyá ni. Ó ní tí mo bá rí yín, kí n fún yín. Tí mi ò bá rí yín, kí n fún ẹni tébi ń pa. Òkú kì í jẹran Iléyá. Ẹ sọ èyí tẹ́ ẹ jẹ́, kí n mọ ẹni tí mo máa gbé e fún."

Sàlíhù wo aṣọ aláró náà. Ó wo kókó mẹ́ta tó wà lórí rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó nawọ́, àmọ́ nígbà tó nawọ́, eyín ló fi tú kókó tó kẹ́yìn. Ó fi ẹran sẹ́nu, ó ń jẹ ẹ́, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí irùngbọ̀n tí kò sí mọ́.

"Iyọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù," ó wí tòun ti ẹran lẹ́nu. "Gbogbo ìgbà ni iyọ̀ Ìyá máa ń pọ̀ jù."

Kamilah dìde, ó lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó sì ké pe Abdulmateen. Abdulmateen wá, Mállàm Zubair tẹ̀ lé e. Nígbà tó rí àbúrò rẹ̀, kò pariwo, kò dì mọ́ ọn. Ó fìdí lélẹ̀ sórí ẹní pẹ̀lú ìnira, ó mú ẹran kan nínú ìdì náà, ó ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú rẹ̀.

"Ilé làbọ̀ ìsinmi oko," Abdulmateen sọ níkẹyìn. "Dìde, ká máa lọ."

"Mi ò tíì lè wá, Bùọ̀dá."

"Kẹ́ ẹ tó máa sọ̀rọ̀ ilé," Kamilah wí, "ẹ jẹ́ kó parí tèmi."

Sàlíhù wò ó, ó sì mọ ohun tó ń béèrè. Ó nu ọwọ́. Lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti Mállàm Zubair, ó ní òun kọ Kamilah, pé kì í ṣe pé ó ṣẹ òun, pé kó foríjin òun. Kamilah ní òun ti foríjìn ín. Ó ti rò pé inú òun á dùn lọ́jọ́ tóun bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Inú rẹ̀ ò dùn, kò sì bà jẹ́. Ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ó sì rántí pé òun ò tíì kírun.

Kí wọ́n tó lọ, Sàlíhù bẹ Abdulmateen pé kó má sọ fún Ìyá, ó dìgbà tí nǹkan bá bọ́ sóun lọ́wọ́. Abdulmateen fi Ọlọ́hun búra. Kò sẹ́ni tó ní kí Kamilah búra, òun náà ò sì fúnra rẹ̀ dá a lábàá.

Lójú ọ̀nà, Abdulmateen ń fi ọ̀rọ̀ tó máa sọ kọ́ra. Á ní àwọn ò rí i, àmọ́ wọ́n ní ó ti kọjá sí ìhà Zamfara, ara rẹ̀ sì le. Ó sọ ọ́ báyìí, ó tún un sọ lọ́nà mìíràn. Tó bá ti dé ibi Zamfara, ohùn rẹ̀ á yí. Ọkùnrin tó ti ń tajà ní Ipata láti kékeré, ẹ ò lè gbà pé kò mọ irọ́ pa, àmọ́ irọ́ ọjà ló mọ̀.

Wọ́n dé Pàkátà lọ́jọ́ kejì. Ìyá jókòó sórí àpótí, ó ń ṣa ẹ̀wà.

"Alhaja, wọ́n ti dé o!" ni gbogbo agboolé ń ké.

Etí gèlè lọ sẹ́nu. Ìyá ò dìde. Kò béèrè pé ṣé wọ́n rí i. Báàgì ọwọ́ Kamilah ló ń wò.

"Ẹran mi ńkọ́?" ó ní.

"Ìyá, ọ̀nà yẹn jìn o," Abdulmateen bẹ̀rẹ̀. "Nígbà tá a dé ìlú àkọ́kọ́..."

"Ṣé ìwọ ni mo gbé ẹran fún?"

Ìyá ti di ẹ̀wà kan mú láàárín ìka méjì, kò jù ú sínú abọ́, kò jù ú sílẹ̀.

"Ó jẹ ẹ́, Ìyá," Kamilah wí. "Ó ní iyọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù."

Ìyá wò ó títí. Ẹ̀wà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọmọ burúkú!" ó ní. "Láti kékeré! Láti kékeré ló ti ń fi iyọ̀ bú mi!"

Ẹ̀rín bá já gbà lẹ́nu rẹ̀. Ó rín in gan-an, ó la ẹnu gbàgà síta, gbogbo agboolé sì rí àyè eyín náà. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí itan, láàárín ẹ̀wà, kò rántí gbé ọ̀kankan sókè.